Ta Ló Kọ́kọ́ Débẹ̀?

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo ya ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjerò-Èkìtì, mo sì bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó fa ojú ro bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ìyá rẹ̀ rò pé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni ó tún jẹ owó ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe tẹ́tẹ́. Odidi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọmọ yìí ti fi ń dá rìn lálaalẹ́ nínú eré orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Elite Dangerous. Ó ń wa ọkọ̀ ojú sánmà rẹ̀ láti ìdí ìràwọ̀ kan dé òmíràn, ní agbègbè tí ẹnikẹ́ni kò dé rí. Lóru ọjọ́ tó ṣáájú, ó fẹ́ balẹ̀ sórí pílánẹ́ẹ̀tì kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ń fa nǹkan mọ́ra ju ilẹ̀ ayé wa lọ. Ọkọ̀ rẹ̀ já lulẹ̀, ó sì fọ́ yángá. Gbogbo ohun tí ó ti rí láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún bá a lọ.

Mo bi í pé, "Ṣebí o ti fojú rí wọn? Báwo ni ohun tí ojú rí ṣe ń sọnù?"

Ó ní, "Áńkù, bí mi ò bá tíì délé ròyìn, wọn ò kà á sí pé mo rí i."

Eré náà kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1984, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Cambridge, David Braben àti Ian Bell, ṣe èyí tí wọ́n pè ní Elite fún kọ̀ǹpútà BBC Micro. Ibi tí ẹ̀rọ náà ń kó nǹkan pamọ́ sí kò ju kìlóbáìtì 32 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí a fi fóònù òde òní yà kò lè wọ inú rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n kó agbo ìràwọ̀ mẹ́jọ sí i, ìràwọ̀ 256 nínú agbo kọ̀ọ̀kan. Wọn kò to ìràwọ̀ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà: bí awakọ̀ bá dé ibì kan, ìgbà náà ni ẹ̀rọ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò ohun tí ó wà níbẹ̀, bákan náà ni yóò sì rí nígbàkígbà tí a bá padà síbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí babaláwo ṣe ń ti ara ojú odù mẹ́rìndínlógún dé 256 kò ní ṣe hàà púpọ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Braben, Frontier Developments, gbé Elite Dangerous jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, agbo ìràwọ̀ tí oòrùn tiwa gan-an wà nínú rẹ̀ ni wọ́n gbé kalẹ̀, pẹ̀lú ìràwọ̀ tí ó tó bílíọ̀nù 400. Láti ìgbà náà títí di òní, iye tí àwọn awakọ̀ tíì dé kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2015 ni awakọ̀ kan dé ìkángun kejì agbo náà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ọdún 65,000 rìn kí ó tó débẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí Charles Darwin bá rìnrìn àjò ni wọ́n fi sọ ibẹ̀: Beagle Point.

Ìrìn ìdákẹ́rọ́rọ́ ni. Kò sí ọ̀tá, kò sí ọjà, kò sí ohùn ènìyàn. Ara ìràwọ̀ ni awakọ̀ ti ń fa epo, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìràwọ̀ ni ó ní epo tí a lè fà. Ẹni tí kò bá mọ irú èyí tí ó ń lọ bá lè há sójú sánmà. Àwọn ọmọ eré kan tilẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n pe ara wọn ní Fuel Rats, iṣẹ́ wọn kò sì ju kí wọ́n máa gbé epo lọ bá ẹni tí epo tán mọ́ lọ́nà jíjìn. Wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Bí awakọ̀ bá wá rí ìràwọ̀ tí ẹnìkan kò rí rí, ó di dandan kí ó gbé ìròyìn rẹ̀ dé ibùdókọ̀, kí ó tà á, kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sí i pé òun ni ó kọ́kọ́ rí i. Bí ọkọ̀ bá fọ́ kí ó tó débẹ̀, ẹni tí ó bá kọjá níbẹ̀ lọ́la tí ó sì délé láyọ̀ ni yóò ni orúkọ.

Òfin yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dáyé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1805, Mungo Park, ará Scotland, wọ ọkọ̀ ní Sansanding, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Mali lónìí, ó fẹ́ bá Odò Ọya lọ títí dé òpin rẹ̀. Kí ó tó ṣí, ó kó ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún Isaaco, amọ̀nà rẹ̀, pé kí ó gbé e padà sí etíkun. Ìwé wọ̀nyẹn dé Lọ́ńdọ̀nù. Park ní tirẹ̀ tukọ̀ ju kìlómítà 1,500 lọ, ó sì kú sínú omi ní Bùsà ní ọdún 1806. Ohun tí ó kọ láti Sansanding dé Bùsà kò délé.

Hugh Clapperton gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá, láti Àgbádárìgì dé Ọ̀yọ́-Ilé, ní ìparí 1825 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1826. Ó kú ní Sókótó ní ọdún 1827. Ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, ni ó kó ìwé ọ̀gá rẹ̀ délé. Ní ọdún 1830, Lander yìí àti àbúrò rẹ̀ John tukọ̀ láti Bùsà dé òkun, àwọn ni ìwé ìtàn sì ń sọ pé wọ́n rí ẹnu Odò Ọya. Àwọn Nupe ń tukọ̀ lórí odò yẹn, àwọn Igala ń ṣòwò níbẹ̀, àwọn Íjọ̀ ń pẹja ní ẹnu rẹ̀ gan-an. Wọn kò kàn kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ni.

Nínú eré ọmọ wa, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí kò sí onílé níbi tí ó ń lọ. Ilẹ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Ìkọ̀gòsì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì tí olú rẹ̀ wà ní Àràmọ̀kọ́. Omi gbígbóná kan ń sun níbẹ̀, omi tútù ń sun nítòsí rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń pàdé. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ ní ìyàwó méjì tí wọ́n fẹ́ ọkọ kan ni wọ́n di omi; wọ́n sì ní ọdẹ ni ó kọ́kọ́ débẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń fa àlejò mọ́ra, ohun tí ẹ ó kà ni pé John McGee, míṣọ́nnárì Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ni ó ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1952. McGee tún ibẹ̀ ṣe, ó kọ́lé síbẹ̀; iṣẹ́ ńlá ni, n kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣíṣe àwárí ni kì í ṣe tirẹ̀.

Mo mọ bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọ ìwé, nítorí èmi náà ti kọ ọ́ rí nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn. Nígbà tí mo padà sí Ìkọ̀gòsì, bàbá arúgbó kan tí ọmọ rẹ̀ ti ka ìròyìn náà fún pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ọmọ mi, omi tí wọ́n fi wẹ̀ fún bàbá mi ní ìkókó, ẹ ní òyìnbó ló rí i lọ́dún 1952?" Mo tọrọ àforíjì. Bàbá jókòó, ó sì ka ìdílé ọdẹ tí wọ́n gbàgbọ́ pé ó kọ́kọ́ débẹ̀ fún mi, láti orí baba dé orí ọmọ, pẹ̀lú oríkì wọn. N kò kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn ni mo bá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ sì ti ń ṣú, mo ní màá padà wá.

Ọdún mẹ́rin kọjá kí n tó padà. Wọ́n ti sin bàbá.