Igi, Odò àti Afẹ́fẹ́: Ohun Tí Ilẹ̀ Zazzau Ti Rí

Ẹni tó ń gbé ìlú kan tí kò mọ ìtàn ilẹ̀ ibẹ̀, àlejò ló ṣì jẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ọba àti ogun ni mo fẹ́ sọ lónìí, bí kò ṣe igi, odò àti afẹ́fẹ́ Zazzau, àti ohun tí ọwọ́ ènìyàn ti fi wọ́n ṣe.

ÌLÚ TÓ MỌ IYÌ IGI
Odi Birnin Zazzau kò yí ilé nìkan ká. Oko wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Amọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé, inú ìlú ni wọ́n ti wà á. Kòtò rẹ̀ ló di adágún omi tí àwọn Hausa ń pè ní kududdufi. Nígbà tí Babban Gwani Mikaila kọ́ mọ́sálásí Jímọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, amọ̀ àti igi azara, èyí tí wọ́n ń là lára ọ̀pẹ giginya, ló lò. Lóko, àgbẹ̀ kì í gé gbogbo igi: ó ń dá irúgbá sí, ó ń dá igi òrí sí. Ìyàwó ilé tó fi irú sebẹ̀ lánàá jẹ nínú ọgbọ́n yẹn.

RELUWÉ ÀTI ÈÉFÍN
Nígbà tó fi máa di 1912, reluwé ti ń rìn láti Èkó dé Kano, Zaria sì wà lójú ọ̀nà. Reluwé yìí ló gbé ọ̀pọ̀ bàbá wa wá, òun náà ló ń kó òwú àti ẹ̀pà lọ sí etíkun. Láti 1916 ni èédú Enugu ti ń jáde, ó sì di oúnjẹ fún ẹ̀rọ rẹ̀. A rò pé èéfín náà ń lọ ni, àṣé ń ṣe ló ń jókòó sókè. Kí ilé iṣẹ́ ńláńlá tó dé sáyé, nínú mílíọ̀nù kan ìdá afẹ́fẹ́, nǹkan bí 280 ni kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì. Ní 1958, Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n ní Hawaii, ó bá nǹkan bí 315. Lónìí, ó ti kọjá 420. Ó bo ayé bí aṣọ ìbora, ooru kò sì rí ọ̀nà jáde dáadáa. Ìpín Áfíríkà nínú rẹ̀ kéré gan-an.

TA LÓ LÉ ÒJÒ LỌ?
Ọmọ ilé ìwé ni mí nígbà ọ̀dá 1973. Mo rántí eruku, mo rántí màlúù tí egungun rẹ̀ ṣeé kà. Ohun tí a gbọ́ nígbà náà ni pé àáké àgbẹ̀ àti ẹran Fúlàní ló lé òjò lọ. Ṣùgbọ́n ní 2003, àwọn onímọ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé ìyípadà nínú ooru omi òkun ló fa èyí tó pọ̀ jù. Àwọn mìíràn fi kún un pé èéfín ilé iṣẹ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wà lára ohun tó da òkun náà rú. A ti dá tálákà lẹ́bi jù.

Síbẹ̀, kí a má fi èyí wẹ ọwọ́ wa mọ́. Igi ìdáná tí a ń gé láìgbin òmíràn, ọwọ́ wa ni. Ilẹ̀ tí kò ní igi mọ́ ni àgbàrá ń wọ́ lọ sínú odò Kubanni, tí erùpẹ̀ fi ń dí adágún tí Yunifásítì Ahmadu Bello fi ń rí omi. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí a jù sí gọ́tà ní Tudun Wada lè bá Kubanni dé Galma, kí Galma gbé e dé odò Kaduna, kí Kaduna gbé e fún Ọya, kí Ọya sì gbé e dé òkun. Òkun yẹn kan náà ló ń jẹ ilé àwọn ènìyàn wa ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947.

Ẹ wo igún náà. Nígbà kan, òrùlé odò ẹran kì í dá. Ní 2015, àwọn àjọ àgbáyé kọ igún tiwa yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tó sún mọ́ àtirun jù. Májèlé wà níbẹ̀, òwò orí igún fún oògùn náà wà níbẹ̀. Àwa Yorùbá mọ ọjà tí wọ́n ti ń tà á.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbin igi kan kí òjò ọdún yìí tó dá, kí ó sì bomi rin ín nígbà ọyẹ́. Kí ẹgbẹ́ wa máa kó ọ̀rá kúrò ní gọ́tà àdúgbò lóṣooṣù. Kí a jáwọ́ nínú òwò igún. Àwọn tó dá irúgbá sí lóko kò mọ̀ wá, síbẹ̀ a jẹ nínú rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ wa náà rí ohun jẹ lára tiwa. Àmín.