Abuké Ọ̀kẹ́rẹ́ Kò Jìnnà sí Alágómejì

Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó bá rìn jìnnà yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá pa òwe yìí ní Súrùlérè lónìí, pápákọ̀ òfuurufú lọkàn èèyàn ń lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jámánì dé, tó ń fi fọ́tò òkè oníyìnyín àti adágún han ará ilé, òun ni wọ́n gbà pé ó ti rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Lójú tèmi, a ń ṣi òwe náà lò.

Ẹ wo ẹran tí àwọn àgbà mú. Wọn kò mú kìnnìún, wọn kò mú erin. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n mú, ẹran tó ń sáré lórí ọ̀pẹ lẹ́bàá oko, tí ọmọdé ń fi kànnàkànnà ta. Iké ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ṣọ̀wọ́n. Ohun tí a rò pé a ti mọ̀ dénú ni òwe ń tọ́ka sí: ó ṣì ní ẹ̀yà tí a kò tíì rí, nítorí ọ̀nà kan náà là ń tọ̀ lójoojúmọ́, Ojúẹlẹ́gba sí Yábà, Yábà sí Ojúẹlẹ́gba. Ẹni tó bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn ti ń rìn jìnnà.

N kò bú ẹni tó lọ sí Jámánì o. Ní Königssee, ní ẹkùn Bavaria, bí ọkọ̀ ojú omi bá dé àárín adágún, wọ́n á dá a dúró, ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ á fọn fèrè, àpáta á sì dá ohùn náà padà. Iná mànàmáná ló ń gbé àwọn ọkọ̀ ibẹ̀ láti 1909. Zugspitze, òkè tó ga jù ní Jámánì, ga tó mítà 2,962. Rélùwéè sì ń gbé èèyàn gùn ún láti 1930. Àwòyanu ni. Ṣùgbọ́n owó físà Schengen fún àgbàlagbà ti di yúrò 90 láti 2024, wọn kì í sì í dá a padà bí wọn kò bá tiẹ̀ fún ọ ní físà náà.

Ní Alágómejì, ní Yábà níbí, ni ibùdókọ̀ rélùwéè Mobolaji Johnson wà. Oṣù Kẹfà 2021 ni wọ́n ṣí ọ̀nà irin tuntun náà, kìlómítà 157 sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá sọ̀ ní ibùdó Wole Soyinka, ní Láderin, ti dé Abẹ́òkúta. Àpáta Olúmọ tó wà níbẹ̀ kò ga. Mítà 137 ni wọ́n ń kọ fún un, ọmọ ọwọ́ ni níwájú Zugspitze. Ẹ ṣáà wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo ojú ọlọ tó wà lára àpáta, níbi tí àwọn ìyá Ẹ̀gbá ti ń lọ nǹkan nígbà tí wọ́n sá fún ogun débẹ̀ pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́, aṣáájú wọn, ní 1830. Ta ni kò rí àpáta rí? Mélòó nínú wa ló ti rí èyí tó di ilé ìdáná?

Láti Abẹ́òkúta, ẹ wọ mọ́tò lọ sí ìhà Ìṣẹ́yìn, kí ẹ yà sí Adó-Àwáyè. Àtẹ̀gùn tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ni ẹ ó gùn, orúnkún ará Èkó á sì ti máa ráhùn kó tó dé ìdajì. Lókè, ẹ ó bá Ìṣágé, àpáta tó dúró bí ẹni tó fẹ́ ṣubú tí kò ṣubú. Ẹ ó sì bá Ìyáké, adágún tó jókòó sórí òkè gangan. Àwọn onílé ní ẹni tó bá tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kì í padà wá. Àwọn afinimọ̀nà a tún máa búra pé irú rẹ̀ méjì péré ló wà láyé, pé Colorado ní Amẹ́ríkà ni èkejì wà. Èyí ni n kò gbà, nítorí adágún orí òkè pọ̀ káàkiri ayé, Jámánì pàápàá ní in. Ìpolówó ọjà lásán ni, omi náà kò sì nílò rẹ̀. Ẹni tó ti ń pọn omi kànga láti kékeré, tó wá bá omi lórí àpáta, kò ní béèrè iye irú rẹ̀ tó kù.

Bí ẹ bá máa lọ, ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, nítorí àpáta a máa yọ̀ lójò. Ẹ gbé omi mímu dání. Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn tó ni òkè kí ẹ tó gùn ún, ẹ má sì fẹsẹ̀ kan Ìyáké.