Kòkó Níwájú, Ẹni Níyàrá: Ìtàn Ilé Tí Òfin Pín sí Méjì

Ilé tí wọ́n bí mi sí ní Òkèlúsè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kòkó ló ni iwájú rẹ̀, àwa la ni ẹ̀yìn. Bàbá mi ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Yàrá méjì tó kọjú sí títì ni sìtọ́ò. Òṣùwọ̀n irin dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn, àpò kòkó ga dé àjà, tábìlì kan sì wà lábẹ́ fèrèsé tí ìwé ìṣirò àti tádàwà kì í kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ti ń jókòó de ìgbà tó máa kàn wọ́n. Tí ẹ bá ti ré ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ẹ ti dé yàrá àwọn ìyá wa, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni àgbàlá tí wọ́n ti ń dáná. Nígbà kòkó, tí àlejò bá pọ̀, àárín àwọn àpò yẹn làwa ọmọdé ń tẹ́ ẹní sí. Kò sẹ́ni tó lọ gba ìwé àṣẹ ní Ifọ̀n tàbí ní Ọ̀wọ̀ pé òun fẹ́ sọ yàrá di ibi iṣẹ́.

Iṣẹ́ yíya pláànì ilé ni mo fi jẹun ní Sùúrùlérè títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé irú ilé bàbá mi, àrúfin ni lójú òfin. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọjọ́ tí báńkì gba ilé onílé ní Victoria Island ni ọ̀rọ̀ dída iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ilé bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ààfin Ọlọ́wọ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àgbàlá inú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń dájọ́ ni, ojúbọ ni, ilé àwọn olorì sì ni. Ní Èkó, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì tó ní ọjà nísàlẹ̀ àti ẹbí lókè. Ìdílé Fernandez kọ́ ọ̀kan sí Tinubu Square ní nǹkan bí 1855. Ilé oúnjẹ àti ọtí wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933, òun la mọ̀ sí Ilojo Bar. Ní òpópónà Kakawa, kànga wà nínú ilé ìdílé da Rocha, wọ́n ń ta omi rẹ̀ fún ará ìlú títí wọ́n fi ń pe ilé náà ní Water House. Ilé tí ìdílé ń gbé náà ló ń pawó wọlé fún wọn.

Ọdún 1917 ni Lugard, gómìnà àgbà òyìnbó, ṣe òfin tó pín àwọn ìlú Nàìjíríà sí ìpele mẹ́ta. Èkó nìkan ló bọ́ sí ìpele kìíní. Òfin yẹn náà ló ya ibùgbé àwọn òyìnbó sọ́tọ̀, wọ́n sì fi ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí, 440 yáàdì, sí àárín àwọn àti àwa. Ibà ni wọ́n ní àwọn ń sá fún. Nínú ọgbà wọn, ilé wà fún oorun, ọ́fíìsì sì wà ní Marina. Ẹni tó ní mọ́tò nìkan ni irú ètò bẹ́ẹ̀ rọ̀ lọ́rùn. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Òfin ìfètò-sí-ìlú ti 1946 tẹ̀ lé e, wọ́n wo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1932 kọ ọ́. Láti ibẹ̀ ni àwọ̀ ti wọ inú máàpù wa: àwọ̀ kan fún ibùgbé, òmíràn fún òwò.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni ti 1955. LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé àárín ìlú Èkó, nǹkan bí éékà 70, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà mọ́, ó ní omi, ó ní ààyè. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta aṣọ, tó ń ránṣọ, tó ń rọ góòlù lẹ́nu ọ̀nà wọn tẹ́lẹ̀ dé ibi tí oníbàárà kò sí. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá wọn sọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Owó ọkọ̀ lọ sí Èkó ń jẹ èrè wọn, ẹbí túká, ìyàwó tó ń fi òwò ran ọkọ lọ́wọ́ di ẹni tó ń tọrọ owó ọbẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán ilé yẹn gbàgbé iwájú ilé.

Àwọn onílé Sùúrùlérè kò jókòó tẹtẹrẹ. Nígbà tí mo débẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ti di ibi ìtẹ̀wé, yàrá ọmọ ọ̀dọ̀ ti di ọ́fíìsì lọ́yà. Ní òpópónà Adéníran Ògúnsànyà àti ti Bode Thomas, ilé márùn-ún lè tò tẹ̀léra kó má sí èyí tí èèyàn ń sùn nísàlẹ̀ rẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, sì máa ń sọ ohun tí a lè fi ilẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà gbọ́dọ̀ kọ̀wé, kó fi pláànì tuntun sí i, kó sanwó, kí wọ́n sì wá wo ilé náà. Èmi ni mo ń ya pláànì tuntun yẹn. Ọ̀pọ̀ onílé kì í wá àyàfi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri wọn.

Ilé kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n gbẹ́ sọkawéè rẹ̀ fún ìdílé kan. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kún ilé náà wá ń lò ó. Lọ́sàn-án, omi rẹ̀ ń gba abẹ́ ọgbà yọ sí kànga aládùúgbò. Mo sọ fún onílé pé kó tó kun ọ́fíìsì lọ́dà, kó gbẹ́ òmíràn. Kò gbẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣòfin náà: ẹni tó bá da iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ilé gbọ́dọ̀ ro ti omi, ti ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ti oorun ará ilé kejì.

Ní Victoria Island, kò sẹ́ni tó ro ó. Lẹ́yìn tí ìjọba tú ọrọ̀ ajé sílẹ̀ ní 1986, báńkì pọ̀ sí i títí wọ́n fi lé ní 100. Marina ti há, wọ́n bá rọ́ lọ sí ibi tí wọ́n tò fún ibùgbé. Wọ́n san iye tí olùgbé kankan kò lè san. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ètò ìjọba tó lé wọn bá, tó gba ọ́fíìsì àti ibùgbé láàyè pa pọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ì bá máa gbé òkè ti ta ilé wọn, wọ́n ti lọ. Ilojo Bar tó ti da òwò pọ̀ mọ́ ilé tipẹ́ kò sì bọ́: ó ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016.

Lábẹ́ ilẹ̀ Òkèlúsè, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì wà, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ nípa ilé iṣẹ́ tó máa wà á. Lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, agbaṣẹ́ṣe àti báńkì yóò wá ọ́fíìsì, iwájú ilé àwọn bàbá wa ni wọn yóò kọ́kọ́ yà sí. Kí Arújálè, ọba wa, àti ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ ní Ifọ̀n jókòó nísinsìnyí, kí wọ́n fa ìlà sí àwọn títì tí wọ́n ti lè da ọ́fíìsì pọ̀ mọ́ ilé. Bí wọ́n bá bi mí, èmi á ní kí ìsàlẹ̀ àti iwájú jẹ́ ti iṣẹ́, kí òkè àti ẹ̀yìn jẹ́ ti ìdílé, kí àtẹ̀gùn àwọn ará ilé má gba inú ọ́fíìsì, kí sọkawéè jẹ́ méjì, kí jẹnẹrétọ̀ má kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn kò gbọdọ̀ fi òkè náà ṣe ọ́fíìsì láéláé.