Ọ̀rọ̀ Ẹnu àti Èdè Ọwọ́ nínú Ẹ̀kọ́ Ọmọ Adití: Láti Milan 1880 dé Ìbàdàn 1960

Ìfáárà

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, gbọ́, ni a fi ń sọ pé etí mú ìró, òun náà ni a sì fi ń sọ pé ọkàn mọ ìtumọ̀. Ẹni tí ó mọ Yorùbá ni a ń sọ pé ó gbọ́ Yorùbá. Ọmọ tí ó ń tẹ̀lé àṣẹ ni a ń sọ pé ó gbọ́ràn. Ìlò yìí fi hàn bí àwùjọ ṣe so etí, òye àti ìwà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ewu sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò mú ìró dáadáa lè tètè gba orúkọ olóríkunkun, kí a máa sọ pé ó kọ etí ikún sí ẹ̀kọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ohùn olùkọ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

Ìbéèrè tí ó ti wà níwájú àwọn olùkọ́ láti nǹkan bí irinwó ọdún ó lé sẹ́yìn ni pé: ọ̀nà wo ni ọmọ tí kò gbọ́ ìró lè gbà ní èdè? Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ àríyànjiyàn tí ìbéèrè náà dá sílẹ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù títí dé Nàìjíríà. Ó sì fi hàn pé àìgbọ́ nìkan kọ́ ni ó pa ọ̀pọ̀ ọmọ adití lára nínú ìtàn. Èyí tí ó burú jù ni pé wọn kò rí èdè kankan gbà ní ìgbà èwe, nígbà tí ọpọlọ ṣetán jù lọ láti gbà á.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹ̀kọ́ Adití ní Yúróòpù

Ní ilẹ̀ Sípéènì, Pedro Ponce de León, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn kan tí ó kú ní 1584, kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá tí wọ́n jẹ́ adití ní ìwé kíkà àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ní 1620, Juan Pablo Bonet tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe lè kọ́ adití ní ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n jàǹfààní àkọ́kọ́ yìí kò pọ̀, ilé olówó ni wọ́n sì ti wá.

Àyípadà dé ní Paris ní àwọn ọdún 1760. Àlùfáà Charles-Michel de l'Épée ṣàkíyèsí pé àwọn adití ìlú náà ń fi ọwọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó kọ́ àmì wọn, ó fi tirẹ̀ kún un, ó sì fi í kọ́ ọmọ olówó àti ọmọ tálákà. Ní Leipzig ní 1778, Samuel Heinicke dá ilé-ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ lórí èrò mìíràn: ó gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Àwọn méjèèjì kọ lẹ́tà sí ara wọn lórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọn kò fohùn ṣọ̀kan. Láti ìgbà náà ni ìlànà èdè ọwọ́ àti ìlànà ọ̀rọ̀ ẹnu ti yà sọ́tọ̀. Ìlànà ti Paris ni Laurent Clerc, olùkọ́ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, gbé dé Amẹ́ríkà, tí òun àti Thomas Hopkins Gallaudet fi dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Hartford ní 1817.

Ìpinnu Milan àti Àbájáde Rẹ̀

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1880, àwọn olùkọ́ adití ṣe àpérò ní Milan ní ilẹ̀ Ítálì. Aṣojú 164 ni wọ́n pé síbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, James Denison, ni ó jẹ́ adití. Àpérò náà pinnu pé ọ̀rọ̀ ẹnu borí àmì ọwọ́, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni kí a máa fi kọ́ adití. Ìwọ̀nba àwọn tí ó lòdì sí i kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wá láti Amẹ́ríkà. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ẹ̀ga a ní ẹ̀ga ń pàtótó. Àwọn tí wọ́n dájọ́ èdè ọwọ́ ní Milan, ọ̀pọ̀ wọn ni kò gbọ́ ọ.

Àbájáde rẹ̀ kò pẹ́ kí ó tó hàn. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n jẹ́ adití pàdánù iṣẹ́, nítorí wọn kò lè kọ́ ọmọ ní ìró tí àwọn fúnra wọn kò gbọ́. Wọ́n fi òfin de àmì ọwọ́ nínú kíláàsì, wọ́n sì ń jẹ ọmọ tí ó bá lò ó níyà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí Alexander Graham Bell ti jẹ́ òpómúléró fún ìlànà ọ̀rọ̀ ẹnu, nǹkan bí 80 nínú ọmọ adití 100 ni a ń kọ́ láìlo èdè ọwọ́ nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní fi parí.

Ìlànà náà ran àwọn kan lọ́wọ́, pàápàá àwọn tí wọ́n ti mọ èdè kí etí wọn tó di àti àwọn tí wọ́n ṣì ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ àwọn tí a bí ní adití, èso rẹ̀ kéré. Ní 1979, R. Conrad tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí àwọn ọmọ adití tí wọ́n fẹ́ kúrò ní ilé-ìwé ní England àti Wales. Wọ́n ti tó ọmọ ọdún 15 sí 16, ṣùgbọ́n agbedeméjì ìmọ̀ ìwé kíkà wọn kò ju ti ọmọ ọdún 9 lọ.

Ohun tí Ètè Kò Fi Hàn

Ìdí tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀ yé ni bí a bá fi èdè Yorùbá wò ó. Ètè ni ẹni tí ń wo ẹnu ń rí. Kò rí tán-án-ná, níbi tí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ń jáde. Nítorí náà, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn délẹ̀ lójú rẹ̀. Bú àti mú jọra, nítorí ètè méjèèjì ni a pa dé láti pè wọ́n. Kún àti gún náà kò ṣe é yà sọ́tọ̀, nítorí ẹ̀yìn ẹnu ni kọ́ńsónáǹtì wọn ti wá.

A lè fi èyí wé ìlù dùndún. Ìlù ń gbé ohùn jáde láìsí kọ́ńsónáǹtì. Ètè ń fi àwọn kọ́ńsónáǹtì kan hàn láìsí ohùn. Ẹni tí ó gbọ́ ohun tí ìlù ń wí ti ní oríkì àti òwe nípamọ́ nínú rẹ̀, ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó fi ń dí àlàfo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ń wo ètè: èdè tí ó ti ní ni ó fi ń mọ ohun tí a sọ. Ọmọ tí a bí ní adití kò ní ohun tí yóò fi dí àlàfo náà. Ètè wíwò ń ran ẹni tí ó ti ní èdè lọ́wọ́. Ọ̀nà tóóró ni fún ẹni tí ń wá èdè àkọ́kọ́.

Ìlànà Méjèèjì ní Nàìjíríà

Ní Èkó ní 1958 ni a dá ilé-ìwé àwọn adití ti Wesley sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Andrew Foster dé Ìbàdàn. Alabama ni a ti bí i ní 1925; àìsàn lọ́rùnlọ́rùn ni ó di í létí nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gboyè ní Gallaudet, ní 1954. Ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Ghana ní 1957, kí ó tó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Enugu àti Kaduna láti 1960. Àwọn ilé-ìwé tí ó dá sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà ju 30 lọ kí ó tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní 1987. Èdè ọwọ́ ni ó fi ń kọ́ni, adití sì ni olùkọ́ tí àwọn ọmọ ń rí níwájú wọn.

Ní 1960 kan náà ni William Stokoe tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, tí ó fi hàn pé èdè ọwọ́ ní ètò tirẹ̀ bí èdè ẹnu ṣe ní. Lẹ́yìn náà ni ìlànà àkópọ̀ tàn dé Nàìjíríà, èyí tí ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu, èdè ọwọ́, ìwé kíkọ, ètè wíwò àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn láàyè pọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1977 ti kọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ fún iṣẹ́ yìí.

Síbẹ̀, ìṣòro kan kù. Láti Amẹ́ríkà ni àmì tí Foster mú wá, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìwé tí ó bá a rìn. Ọmọ tí ó bá ti ilé-ìwé darí sílé a bá ìyá tí ń sọ Yorùbá tí kò mọ àmì kankan. Bí kò bá sí ẹni tí yóò kọ́ òbí, èdè ọmọ a parí sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé.

Ẹ̀rọ, Ọjọ́ Orí àti Èdè

Ní 1990, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí a máa fi iṣẹ́ abẹ gbin ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sínú etí àwọn ọmọdé láti ọdún 2 sókè. Ẹ̀rọ náà ti ṣí ọ̀nà ọ̀rọ̀ ẹnu fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú àti ìkọ́ni fún ọdún púpọ̀. Ìwádìí Christine Yoshinaga-Itano àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1998 fi hàn pé àwọn ọmọ tí a tètè mọ àìgbọ́ wọn kí wọ́n tó pé oṣù 6 ní èdè ju àwọn tí a pẹ́ kí a tó mọ̀ lọ, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ń lò tàbí èdè ọwọ́. Àkókò, nígbà náà, ṣe kókó gan-an.

Àgbálọgbábọ̀

Ní Vancouver ní 2010, àpérò àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ adití kọ ìpinnu Milan sílẹ̀, ó sì kábàámọ̀ ìpalára tí ó fà. Àádóje ọdún ni ó gbà. Òfin tí ó kà ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ní Nàìjíríà, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ní kí èdè ọwọ́ wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ilé-ìwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ olùkọ́ ṣe kedere. Kí a tó pe ọmọ ní olóríkunkun, kí a jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Kí olùkọ́ kọjú sí ọmọ nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, kí ó má kọjú sí pátákó. Kí ó kọ́ àmì, kí ó sì kọ́ òbí pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ọ̀tá èdè ọwọ́. Ohun tí ọmọ kò gbọdọ̀ ṣaláìní ni èdè, ọ̀nà yòówù kí ó gbà dé. Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́: ojú l'ọ̀rọ̀ wà.