Yàrá tútù kan fún àwọn arúgbó

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ooru pa nǹkan bí 15,000 ènìyàn ní ilẹ̀ Faransé. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Òùngbẹ kì í tètè gbẹ arúgbó, òru pàápàá kò sì tutù. Lẹ́yìn náà, ìjọba ní kí ilé ìtọ́jú arúgbó kọ̀ọ̀kan ní yàrá tútù kan, ó kéré tán. Mímú gbogbo ilé tutù ì bá jẹ iná púpọ̀ (ẹ bi àwa tí à ń ra káàdì iná). Ó bọ́gbọ́n mu lójú wa, àmọ́ ẹni tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Gbígbé e lọ síbẹ̀ gba òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ sì gba owó. Òfin ọdún 2004 wá owó ìtọ́jú náà: kí òṣìṣẹ́ fi ọjọ́ kan lọ́dún ṣiṣẹ́ láìgbowó. Nígbà tó kàn ní 2005, lọ́jọ́ Ajé Pẹ́ńtíkọ́sì, ọ̀pọ̀ jókòó sílé wọn.