Láti Ọkọ́ dé Dúróònù: Ìtàn Irinṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Ilẹ̀ Òkè-Ògùn

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa lóde òní tí ó yẹ kí a fi ojú ìtàn wò, kí a tó fi owó ìlú lé e lórí. Ọ̀rọ̀ náà ni ti dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tí ń fò lófuurufú láìsí awakọ̀ nínú rẹ̀, tí a sì ń fi fọ́n oògùn sí oko tàbí ya àwòrán ilẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé kí àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun ra ọ̀kan ránṣẹ́ sílé. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni irinṣẹ́ àjèjì àkọ́kọ́ tí yóò wọ Òkè-Ògùn, ó sì yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, ọkọ́ àti àdá ni àwọn baba wa fi ń ro oko, tí wọ́n fi ń kọ ebè iṣu, tí wọ́n sì fi ń gbin ọkà bàbà. Àgbẹ̀dẹ ìlú ni wọ́n ti ń rọ irinṣẹ́ wọ̀nyí. Bí ọkọ́ bá kán ní òwúrọ̀, alágbẹ̀dẹ lè tún un ṣe kí oòrùn tó wọ̀. Iṣẹ́ tí ó bá sì ju agbára ẹnì kan lọ, ọgbọ́n àjùmọ̀ṣe ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n ní àáró, tí àwọn ẹgbẹ́ ń fi ṣiṣẹ́ lóko ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀, tí ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn fi ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí yóò sì fi oúnjẹ àti ohun mímu ṣe wọ́n lálejò. Nítorí náà, ohun méjì ni ó gbé ọkọ́ ró: alágbẹ̀dẹ tí ó wà nítòsí, àti àáró tí kò jẹ́ kí àgbẹ̀ kan ṣoṣo ru ẹrù náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun méjèèjì yìí sọ́kàn.

Ìjọba òyìnbó dé, wọ́n sì dá ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Gúúsù Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1910, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Moor Plantation ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde, èyí tí ó fún àgbẹ̀ ní ọ̀nà àáró mìíràn, tí owó wọ̀ ọ́. Ní agbègbè Ìsẹ́yìn, tábà di ohun ọ̀gbìn tí ilé-iṣẹ́ sìgá ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa. Ní ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé àgbẹ̀, tí wọ́n wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ ní Ísírẹ́lì, láti fi dá àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé-ìwé dúró lóko. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba ológun kéde ètò Operation Feed the Nation ní ọdún 1976. Ní ọdún 1982 ni ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ Àríwá Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó àyálò láti Báńkì Àgbáyé, Ṣakí sì ni ibùjókòó rẹ̀.

Irúgbìn tuntun, ajílẹ̀ àti katakata tẹ̀ lé àwọn ètò wọ̀nyí. A kò lè sọ pé asán ni gbogbo wọn. Àgbàdo tí a ń kó lọ sọ́jà lónìí pọ̀ ju ti ayé àwọn bàbá wa àgbà lọ. Ṣùgbọ́n ta ni kò rí katakata ìjọba tí ó kú sínú ọgbà, tí koríko hù bò ó? Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò dára. Kùkùté inú oko ṣẹ́ ohun ìtúlẹ̀ rẹ̀, èyí tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀ jìnnà sí wa, kò sì sí ọmọ ìlú tí a kọ́ láti tún un ṣe. Nígbà tí katakata dákẹ́, ọkọ́ ni a padà sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí dúróònù ti ṣẹ̀ wá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1921, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ John Macready fi ọkọ̀ òfuurufú fọ́n oògùn lé àwọn igi tí kòkòrò ń jẹ. Ìyẹn ni a kà sí ìbẹ̀rẹ̀ fífi ọkọ̀ òfuurufú fọ́n oògùn sí ohun ọ̀gbìn. Ní ilẹ̀ Japan, ilé-iṣẹ́ Yamaha gbé hẹlikópítà kékeré kan tí kò gba awakọ̀ jáde ní ọdún 1987, wọ́n pè é ní R-50, oko ìrẹsì ni wọ́n sì ń lò ó fún. Ìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀ yẹ kí ó yé wa dáadáa: àwọn àgbẹ̀ wọn ti ń darúgbó, àwọn ọmọ wọn sì ti ṣí lọ sí ìlú ńlá. Ǹjẹ́ ohun kan náà kọ́ ni ó ń ṣe wá? Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ DJI ní ilẹ̀ Ṣáínà gbé Agras MG-1 jáde, tí ó lè gbé oògùn lítà 10. Àwọn tí ó ṣe é sọ pé ó lè fọ́n éékà 7 sí 10 ní wákàtí kan.

Àǹfààní rẹ̀ hàn kedere. Lónìí, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ni ó ń gbé páńpù oògùn pọ̀n sẹ́yìn, tí wọ́n ń rìn gba inú oògùn náà kọjá láìbo imú, láìwọ ìbọ̀wọ́. Dúróònù mú èjìká àti imú kúrò nínú ewu yẹn. Èkejì ni ojú rẹ̀. Ewé tí ara rẹ̀ le a máa tan irú ìmọ́lẹ̀ kan padà tí ojú ènìyàn kò lè rí. Bí àìsàn tàbí òùngbẹ bá mú ewé náà, ìmọ́lẹ̀ yìí a dínkù. Kámẹ́rà tí a ṣe fún iṣẹ́ náà lè rí i kí ewé tó pọ́n. A kò gbàgbé kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà ní ọdún 2016, tí Ìbàdàn sì wà lára ibi tí wọ́n ti rí i. Ọkàn àgbàdo ni ìdin rẹ̀ ń sá sí, ọ̀pọ̀ oko ni ó sì ti bàjẹ́ kí olóko tó mọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oko ńlá kan wà tí ó gba ìmọ̀ àgbà àti ojú ẹni tí ó gun òkè pọ̀.

Síbẹ̀, ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Oko wa kì í ṣe oko ìrẹsì Japan. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti bàrà ni a ń gbìn pọ̀, oògùn apakoríko tí ó sì dára fún àgbàdo lè pa bàrà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, oògùn lè lọ sí oko aládùúgbò tàbí sínú odò tí a ń mu. Bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ lófuurufú bí ó bá ru ẹrù, iná mànàmáná ni a sì fi ń fún un lágbára. Òfin pẹ̀lú ń bẹ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, àjọ NCAA tí ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò ó láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ààbò. Ẹni tí ó bá gbé e wọ ìlú láìgba àṣẹ lè pàdánù rẹ̀ kí ó tó dé oko.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó wúwo jù. Igi pèrègún, odò àti ẹ̀rí ẹnu àgbà ni a fi ń mọ ààlà ilẹ̀ ẹbí. Dúróònù lè ya àwòrán ààlà wọ̀nyí dáadáa, kí ìjà má baà sí láàárín àwọn ọmọ tí kò bá àwọn àgbà láyé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ sí abẹ́ àkóso gómìnà, ìwé àti àwòrán ti di ohun ìjà pàtàkì. Bí àjèjì bá ya àwòrán ilẹ̀ wa tí àwa kò sì ní ọ̀kan lọ́wọ́, òun ni yóò máa fi ààlà wa hàn wá.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo mú wá nìyí. Kí ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ náwó sórí ọmọ Òtù méjì, ọkùnrin tàbí obìnrin, kí wọ́n kọ́ bí a ti ń fò ó, bí a ti ń ka àwòrán rẹ̀, àti bí a ti ń tún un ṣe, kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ. Ní Màláwì, láti ọdún 2020 ni UNICEF ti ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Lilongwe fún irú iṣẹ́ yìí. Àwọn ọ̀dọ́ wa kò gọ̀ ju tiwọn lọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù háyà ẹ̀rọ náà fún àkókò ọ̀gbìn kan lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é ní Nàìjíríà, kí wọ́n lò ó sí oko tí àgbàdo nìkan wà, kí wọ́n fi páńpù ẹ̀yìn fọ́n oko kejì, kí wọ́n sì kọ ìnáwó àti èrè méjèèjì sílẹ̀. Bí ìṣirò bá gbè é, kí a rà á ní orúkọ ẹgbẹ́, kí ó máa yí oko ká bí àáró. Kí àwòrán ilẹ̀ tí ó bá yà sì wà lọ́wọ́ àwọn olórí ẹbí àti ìlú.

Ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, ẹ má tíì ra ẹ̀rọ náà. Owó ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ méjì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Bí a bá ti ní alágbẹ̀dẹ nílé, ọkọ́ tí a bá rà kò ní kú sínú ọgbà.