Ta Ni Agbẹnusọ Òǹlò? Ìtàn Àjọṣe Product Manager àti UX Designer

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nílùú San Francisco, Brian Chesky, ọ̀gá àgbà Airbnb, bọ́ sórí pèpéle níbi Config, àpérò tí ilé-iṣẹ́ Figma máa ń ṣe lọ́dọọdún fún àwọn designer, àwọn tó ń ya bí ọjà yóò ṣe rí lójú òǹlò. Ó ní àwọn ti mú iṣẹ́ product manager, ẹni tó ń pinnu ohun tí ọjà gbọ́dọ̀ ní, kúrò ní Airbnb bí gbogbo ayé ṣe mọ iṣẹ́ náà. Àtẹ́wọ́ ta nínú gbọ̀ngàn. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ń ṣàlàyé pé iṣẹ́ náà kò pa rẹ́, ńṣe làwọn dà á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìpolówó ọjà. Àlàyé yẹn kò dùn létí tó ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, àtẹ́wọ́ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì rántí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń dun àwọn tó pàtẹ́wọ́ yìí ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí ọṣẹ ìwẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1931, Neil McElroy, ọ̀dọ́kùnrin tó ń bójú tó ìpolówó ọṣẹ Camay ní Procter & Gamble nílùú Cincinnati, kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ivory, ọṣẹ mìíràn tí ilé-iṣẹ́ kan náà ń ṣe, ni gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Camay ti di ọmọ ìyàwó àìfẹ́. McElroy dábàá pé kí ọṣẹ kọ̀ọ̀kan ní àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ tí yóò máa dáhùn fún un. Wọ́n á máa ṣọ́ bó ṣe ń tà láti àdúgbò dé àdúgbò, wọ́n á wádìí ibi tí ọjà ti kú, wọ́n á sì tọ àwọn tó ń tà á lọ. Àwọn ọ̀gá gbà fún un. McElroy fúnra rẹ̀ di ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà ní 1948, kó tó wá di mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà ní 1957. Àṣà tó fi sílẹ̀ ni pé kí ẹnì kan wà tí ọjà wà lọ́rùn rẹ̀, bí kò tiẹ̀ láṣẹ lórí àwọn tó ń ṣe ọjà náà. Scott Cook kọ́ṣẹ́ ní P&G, ó sì gbé àṣà yìí wọ ìdí kọ̀ǹpútà nígbà tí òun àti Tom Proulx dá Intuit sílẹ̀ ní 1983. Intuit a máa rán òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé ẹni tó ra Quicken, sọ́fútíwíà ìṣirò owó rẹ̀, délé, kó jókòó tì í, kó máa wò ó bó ṣe ń tú u nínú páálí.

Ilé ìwádìí ni baba ńlá àwọn designer wà ní tiwọn. Ní 1945, Bell Labs gba John Karlin síṣẹ́, ọmọ South Africa tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá. Àwọn ọ̀gá fẹ́ mọ̀ bóyá okùn tẹlifóònù, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3 nígbà náà, ṣe é gé kúrú, torí bàbà inú rẹ̀ ń jẹ owó. Karlin kò pín ìwé ìbéèrè fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń yọ́ wọ ọ́fíìsì àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n ń gé okùn náà ní íǹṣì kan. Tó bá tún di ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á tún gé íǹṣì kan sí i. Ìgbà tí okùn ti dín ní odindi ẹsẹ̀ bàtà kan ni àwọn èèyàn tó fura. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ti kọ lórí iṣẹ́ yìí lọ: ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n gbé wá, ara ẹ̀dá ló sì fèsì, kò sì sí ẹni tó bá ẹnì kejì jà. Ẹ̀ka Karlin náà ló pinnu pé 1, 2, 3 ni kó wà lókè lára tẹlifóònù oníbọ́tìnì tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1963, dípò 7, 8, 9 tí ẹ̀rọ ìṣirò ń lò. Wọ́n to bọ́tìnì náà lónírúurú ọ̀nà, wọ́n ní kí èèyàn máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń ka àṣìṣe àti ìṣẹ́jú àáyá. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà lára fóònù tó wà lápò yín.

Nígbà tí sọ́fútíwíà dé, iṣẹ́ méjèèjì kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí Microsoft ń ṣe Excel fún Macintosh, èyí tó jáde ní 1985, Jabe Blumenthal gba iṣẹ́ tuntun kan, program manager: òun ló ń kọ bí nǹkan yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ kóòdù. Ní Apple, lórí kọ̀ǹpútà Lisa tó jáde ní 1983, Larry Tesler ń pe àwọn àlejò wọlé, ó ń wo ibi tí ọwọ́ wọn ti ń kọ́. Bọ́tìnì kan wà tí wọ́n kọ Do It sí lára, àwọn kan sì ń yẹra fún un. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn fapá jánú: kí ló dé tí ẹ̀rọ yìí ń pe òun ní dolt, ìyẹn òpònú? Àlàfo àárín ọ̀rọ̀ náà ti há jù, I ńlá sì jọ l kékeré. Wọ́n sọ bọ́tìnì náà di OK. Donald Norman dé Apple ní 1993. Ó ti wà lára àwọn tí wọ́n pè láti yẹ yàrá ìdarí ilé iná átọ́míìkì Three Mile Island wò lẹ́yìn jàǹbá 1979. Ó fi User Experience Architect ṣe oyè ara rẹ̀, ibẹ̀ sì ni UX ti bẹ̀rẹ̀ sí í di orúkọ iṣẹ́.

Bí iṣẹ́ ṣe pín sí méjì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Product manager á kọ ìwé ohun tí ọjà gbọ́dọ̀ ní, á tì í sọ́dọ̀ designer, designer á yà á, á tì í sọ́dọ̀ ẹnjiníà. Kó tó dé ọwọ́ designer, wọ́n ti ṣèlérí ọjọ́ fún oníbàárà, wọ́n ti ná owó. Ohun tó kù tó lè yí padà kò ju àwọ̀ lọ. Alan Cooper, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ di Visual Basic, bẹnu àtẹ́ lu àṣà yìí nínú ìwé rẹ̀ The Inmates Are Running the Asylum. Àmọ́ ní oṣù kejì ọdún 2001, àwọn 17 kan péjọ sí Snowbird ní Utah, wọ́n sì kọ ìkéde Agile: kí a máa ṣe iṣẹ́ ní kéékèèké, kí a máa tètè gbé e jáde. Ní 2002, Cooper àti Kent Beck, ọ̀kan nínú àwọn 17 náà, fọ̀rọ̀ wérọ̀ ní gbangba, wọn kò sì gbà fún ara wọn. Cooper ní kí ìwà òǹlò yé wa dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó kọ kóòdù. Beck ní bí gbogbo ìpinnu bá ń gba ọ̀dọ̀ ẹnì kan kọjá, iṣẹ́ á há. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló jàre. Scrum, tó gbilẹ̀ jù nínú àwọn ọ̀nà Agile, sì ní àyè fún product owner, tó jọ product manager, àmọ́ kò dárúkọ designer rárá.

Toronto ni ìdáhùn tó nítumọ̀ ti wá. Ní Alias, ilé-iṣẹ́ tó ṣe SketchBook Pro, Lynn Miller (2005) àti Desirée Sy (2007) ṣàlàyé bí àwọn ṣe ń rìn lójú ọ̀nà méjì. Bí àwọn ẹnjiníà ṣe ń kọ kóòdù ìpele kan, designer ń ya ti ìpele tó kàn, ó ń wádìí fún èyí tó tẹ̀ lé e, ó sì ń dán èyí tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ wò lọ́dọ̀ òǹlò. Àwọn designer bọ́ lọ́wọ́ kí iṣẹ́ máa dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn tí ìpinnu ti parí. Síbẹ̀, ẹni tó ń sáré ṣíwájú kò sí lójú kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, àwọn tó ya ọ̀nà méjì yìí sọ́tọ̀ pátápátá sì rí i pé ńṣe làwọn tún sọ designer di àjèjì.

Google ní 2009 fi ewu mìíràn hàn: kí nọ́ńbà gba ìpinnu lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Wọn kò lè yan láàárín búlúù méjì, wọ́n wá dán oríṣi 41 tó wà láàárín wọn wò. Douglas Bowman, tó ṣáájú àwọn designer níbẹ̀, fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kọ ìdí rẹ̀ síta.

Ọ̀nà tó wá wọ́pọ̀ lónìí, tí ìwé Marty Cagan, Inspired, tó jáde ní 2008, wà lára ohun tó gbé e kiri, ni pé kí product manager, designer àti ẹnjiníà jọ jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ọjà á tà, ṣé ilé-iṣẹ́ lè gbé e? Product manager ló ń dáhùn. Ṣé òǹlò á lè lò ó? Ọrùn designer nìyẹn wà. Teresa Torres, nínú ìwé tó kọ ní 2021, fẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹnì kan má baà máa ròyìn òǹlò fún ẹnì kejì. Figma, ohun èlò tí àwọn designer fi ń yàwòrán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ṣí fún gbogbo ayé ní 2016, tún sọ fáìlì tó wà nínú kọ̀ǹpútà designer di ojúde tí product manager lè wọ̀ nígbà tí iṣẹ́ kò tíì jinná. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni inú wọn dùn sí i: nígbà tó kọ́kọ́ fara hàn, ẹnì kan kọ ọ́ síta pé bí ọjọ́ iwájú iṣẹ́ náà bá rí báyìí, òun á wáṣẹ́ mìíràn.

Irú àríyànjiyàn yìí wà ní Nàìjíríà náà. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ áàpù owó l'Ékòó, ibi tí wọ́n ti sábà máa ń takora ni ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Product manager fẹ́ gba BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báǹkì, lójú ìwé àkọ́kọ́, torí òfin CBN, báǹkì àgbà Nàìjíríà, kò fàyè gba àpamọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀. Designer ní ẹni tó bá kọ́kọ́ rí BVN á pa áàpù náà dé, kó kọ́kọ́ rí ohun tó wà nínú ilé. Wọ́n á ṣe méjèèjì, wọ́n á fi han òǹlò díẹ̀, wọ́n á ka iye tó parí rẹ̀. Bí àbájáde kò bá fì síbì kan, product manager ló máa ń pinnu, torí òun ni wọ́n máa pè nígbà tí lẹ́tà CBN bá dé.